Ọkùnrin Tó Kù Díẹ̀ Kó Di Onílùnẹ́ẹ̀tì

Bí a bá kó gbogbo ọkùnrin Kútọnu tí wọ́n ní àwọn ni wọn ì bá fi ṣe Onílùnẹ́ẹ̀tì jọ sí pápá ìṣeré, pápá náà kò ní gbà wọ́n. Àwọn kan á dúró síta, inú á sì máa bí wọn pé àwọn ló yẹ kó wà ní ìjókòó iwájú.

Amí inú sinimá ni Onílùnẹ́ẹ̀tì. Orúkọ tí àwọn òyìnbó tó ń ṣe fíìmù náà fún un gùn, ó sì le láti pè, àwa ará Kútọnu kò wá da ara wa láàmú: awò dúdú tí kì í kúrò lójú rẹ̀, lùnẹ́ẹ̀tì, la fi sọ ọ́ lórúkọ. Kóòtù funfun ló ń wọ̀. Á fò láti orí òrùlé kan bọ́ sórí òmíràn, kóòtù náà kò sì ní dọ̀tí. Ó kéré tán, obìnrin mẹ́ta ló máa ń sunkún nítorí rẹ̀ nínú fíìmù kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 1974, àwọn tó ń ṣe é wá sí Kútọnu. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ya èyí tí amí náà yóò ti jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ẹni tí àwọn yóò lò làwọn ń wá. Wọ́n yẹ agbábọ́ọ̀lù kan wò, wọ́n yẹ olùkọ́ kan wò, wọ́n yẹ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ aṣọ́bodè wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n kó ẹrù wọn lọ. Nígbà tí fíìmù náà máa fi dé lọ́dún kejì, ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí ló wà nínú kóòtù funfun, ìlú ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ti yà á.

Ìgbà náà ni àìsàn "ó kù díẹ̀" bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n mú mi. Imú mi ni wọ́n ní ó gùn jù. Wọ́n ní mo ga ju obìnrin tí mo máa dì mọ́ra lọ. Láti Akpakpa títí dé Godomey, kò sí ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí tí kò ní ẹni tirẹ̀.

Ti Mùílíù Àyìndé yàtọ̀ ní tirẹ̀, nítorí ó ní ẹ̀rí. Ọmọ Pobẹ̀ ni, aránṣọ ọkùnrin ní Cadjèhoun, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lókè máṣíìnì rẹ̀ ni fọ́tò ńlá kan wà nínú férémù: òun fúnra rẹ̀ nínú kóòtù funfun, lùnẹ́ẹ̀tì dúdú lójú, ọwọ́ kan nínú àpò, iná ńlá ń tàn sí i lára bí ẹni pé torí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe dá iná.

"Ẹ̀yin nìyẹn?" ni oníbàárà á máa béèrè.

"Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀," ni Mùílíù á dáhùn, á sì wolẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tì. Kò ní í fi í sílẹ̀ mọ́ títí wákàtí kan.

Ẹ má ṣe rò pé ènìyàn burúkú ni. Ọwọ́ rẹ̀ dára, kò ba aṣọ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí, ọjọ́ tó bá dá fún ọ náà ni wàá gba aṣọ rẹ. Nínú gbogbo aránṣọ ayé, ìyẹn nìkan tó láti dárí ohun tó kù jì í.

Oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1976 ni Sàídátù kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́ wá. Aṣọ kakí ló kó dání, irú èyí tí ìjọba ní kí àwọn olùkọ́ máa wọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ jókòó."

"Ta ló sọ fún yín pé olùkọ́ ni mí?"

"Ẹfun wà ní ìka yín."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wá gbójú sókè, ojú rẹ̀ bá fọ́tò náà. "Áà! Abájọ tí ojú yín fi mú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin nìyẹn?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀."

"Rárá o, a ò fi sílẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò fi mú yín?"

Ìdáhùn mẹ́ta ni Mùílíù ní sí ìbéèrè yìí. Èyí tó wà fún ọkùnrin ni pé òun ló kọ̀ wọ́n nígbà tí òun rí i pé wọ́n fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó wà fún obìnrin ni pé òun kò lè fi ìyá òun sílẹ̀. Èyí tó wà fún àwọn àáfà ni pé ọtí ni wọ́n ní kí òun mu. Ó wo ojú Sàídátù, ó sì gbàgbé èwo ni tàwọn obìnrin.

"Ọtí ni wọ́n ní kí n mu nínú rẹ̀," ó ní. "Mo ní Mùsùlùmí ni mí."

"Ẹ ṣe dáadáa," ni Sàídátù sọ, ó sì sọ ọ́ tọkàntọkàn, tó fi jẹ́ pé fún ìgbà àkọ́kọ́, irọ́ náà ta Mùílíù lára díẹ̀.

Síkẹ́ẹ̀tì kakí kò ju pé kí ènìyàn wọ̀ ọ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Èyí gba ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nígbà tí síkẹ́ẹ̀tì parí, Sàídátù rántí pé òun ní búláòsì tí apá rẹ̀ fún òun. Nígbà tí apá búláòsì dẹ̀, ó rántí pé ó ti wá dẹ̀ jù. Ṣé ó yẹ kí a máa béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí obìnrin tó mọ̀ ọ́n ka tó mọ̀ ọ́n kọ bá ní kí wọ́n tú apá búláòsì kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta? Kí ọdún tó parí, Mùílíù ti ń pè é ní "ìwọ". Òun náà ṣì ń pe Mùílíù ní "Ẹ̀gbọ́n" pẹ̀lú "ẹ", ṣùgbọ́n ó ti ń fà á bí ẹni ń lá oyin.

"Ṣé ẹ mọ̀, Ẹ̀gbọ́n," ó ní lọ́jọ́ kan, "bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo máa ń ṣàdéédéé rántí yín nínú kóòtù yẹn."

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà, Mùílíù kò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Nínú kóòtù yẹn! Èmi ni ó ń rántí ni, àbí kóòtù? Ó gbójú sókè wo ọkùnrin tó wà lára ògiri. Ó ti ń jowú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1977, ọkọ̀ òfuurufú tí ẹnikẹ́ni kò pè balẹ̀ sí pápákọ̀ wa, àwọn ọmọ-ogun tí wọ́n fowó rà sì jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Abẹ́ ibùsùn ni àwọn ará Cadjèhoun wà títí ìbọn fi dákẹ́ tí àwọn àlejò náà sì sá padà. Láti ọjọ́ náà ni rédíò ti ń pariwo láàárọ̀ lálẹ́: ẹ lajú yín sílẹ̀, ẹni tí ẹ kò mọ̀, tó ń béèrè ohun tí kò kàn án, ẹ mú un wá! Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, kò sí ọkùnrin kan ṣoṣo mọ́ ní Kútọnu tí wọ́n fẹ́ fi ṣe amí rí. Agbábọ́ọ̀lù náà sọ pé òun kò lọ sí sinimá rí láyé òun.

Rájí, tó ń tún rédíò ṣe, tí wọ́n sì ti fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ ìṣọ́ àdúgbò, yà sọ́dọ̀ Mùílíù. Ó ti wà pẹ̀lú rédíò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun pàápàá fi ń sọ̀rọ̀ bíi rẹ̀.

"Kámárádì Mùílíù! Ìjàkadì ń bá a lọ!"

"Ó ń bá a lọ, Kámárádì."

"Sọ amí yẹn kalẹ̀."

Mùílíù sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́bọ̀, Sàídátù wọlé, ó wo ògiri, ó ní, "Ògiri yín ṣófo," bí ẹni tó wọ ilé ọ̀fọ̀. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Kí ó tó rìn dé ojú títì, fọ́tò náà ti padà síbi tó wà. Báyìí ni Mùílíù ṣe di ọkùnrin kan ṣoṣo tó kù ní gbogbo ìlú tó ṣì ń sọ pé ó kù díẹ̀ kí òun di Onílùnẹ́ẹ̀tì.

Alhaji Ràímì, bàbá Sàídátù, ọmọ Ṣakété, ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ní Godomey. Òun náà ní tirẹ̀. Lọ́dún kan, ó kù díẹ̀ kó di ààrẹ ẹgbẹ́ onímọ́tò. Òun ní ènìyàn kan ṣoṣo ni ẹni tó wọlé fi ju òun lọ. Àwọn tó ka ìbò náà ní ogún ènìyàn dín ẹnì kan ni. Fìlà tó rán sílẹ̀ de ọjọ́ oyè náà ṣì wà nínú àpótí. Ó mọ àìsàn yẹn dáadáa, ìdí nìyí tí kò fi fẹ́ kó wọ ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

"Amí ni wọ́n pè é fún mi," ó sọ fún Sàídátù nígbà tó gbọ́ pé Mùílíù ló fẹ́ fẹ́.

"Aránṣọ ni, Baba. Inú sinimá ni wọ́n ti fẹ́ fi ṣe amí."

"Ṣé ó ṣe é?"

"Wọn ò mú un."

"Ẹni tí wọn ò mú, tó wá lọ gbé e kọ́ ògiri lọ́dún kẹta! Sàídá, gbọ́ mi. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ohun tí ayé kò fún un, inú ilé rẹ̀ ni yóò ti máa wá a. Ọwọ́ rẹ ni yóò sì ti máa béèrè rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wádìí rẹ̀. Bí wọ́n bá rí nǹkan, màá gbà fún yín."

"Màá rán ẹni tí màá rán lọ́jọ́ tó bá wù mí. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ."

Bí a ṣe ń ṣe é láàárín wa nìyẹn. Kí a tó fọmọ fún ènìyàn, a ó wádìí ilé rẹ̀: ṣé wèrè wà níbẹ̀, ṣé olè wà níbẹ̀, ṣé ọkùnrin náà ń na obìnrin. Ẹni tó bá lọ wádìí kò gbọdọ̀ sọ ọmọ ẹni tó tìtorí rẹ̀ wá. Bí aráyé bá gbọ́ pé a wádìí, tí ìgbéyàwó kò sì tẹ̀ lé e, wọ́n á ní a rí nǹkan. Orúkọ ọmọbìnrin náà á sì bàjẹ́ pẹ̀lú ti ọkùnrin. Nítorí náà, ọ̀nà kọ́lọ́kọ́lọ́ ni a ń gbà ṣe é.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àṣàbí, ni Alhaji rán. Tàǹtí Àṣàbí ni gbogbo ilé ń pè é. Abọ́ tánganran ló ń tà ní ọjà Tọ̀kpá, kò sì sí ìgbéyàwó kan nínú ẹbí náà láti ogún ọdún tí kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ tú u wò bí ẹni ń yẹ ìdí abọ́ wò bóyá ó ti lu. Ó gbé abọ́ rù, ó lọ sí Cadjèhoun fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ó bi obìnrin tó ń ta búrẹ́dì pé aago mélòó ni aránṣọ yẹn ń jí. Ó bi àwọn tó ń pọn omi pé ta ní ń wọlé tọ̀ ọ́. Ó bi ẹni tó ń gbá mọ́sálásí bóyá ó ń wá sí ìrun Sùbúhì. Ó béèrè bóyá ó máa ń pariwo mọ́ ènìyàn, bóyá ó máa ń rìnrìn àjò, àti ibi tó máa ń lọ.

Bí rédíò ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, wọ́n mú un tọ Rájí lọ.

"Ta ló rán yín?"

"Abọ́ ni mo ń tà."

"Abọ́ ló fẹ́ mọ ìgbà tí ọkùnrin ń jí?"

Tàǹtí Àṣàbí tún abọ́ rẹ̀ tò. Bó bá sọ ìdí tó fi wá, ó di dandan kó dárúkọ ọmọ. Ogún ọdún ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láìdárúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tì í mọ́ yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì ìgbìmọ̀, Rájí sì gba ọ̀dọ̀ Mùílíù lọ.

"Kámárádì, obìnrin kan ń béèrè yín káàkiri àdúgbò. Ó ga, ó dúdú, ó ru abọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

Mùílíù kò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà méjì ló jókòó tí wọ́n ń gbọ́, ọkùnrin inú fọ́tò sì ń wo gbogbo wọn látòkè. Mùílíù rọra gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí bíi pé wọ́n ń ṣọ́ mi," ó ní.

"Àwọn wo?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àwọn òyìnbó yẹn mọ orúkọ mi. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọn yóò lò ní Kútọnu yìí, ọ̀dọ̀ ta ni wọn yóò kọ́kọ́ yà sí?"

Àwọn oníbàárà méjèèjì mí kanlẹ̀. Rájí kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò bọ́. Mùílíù gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ padà, ó sì fi gbogbo ọjọ́ náà rìn bí ẹni tó ga sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Sàídátù já wọlé láti ilé ẹ̀kọ́. Kò kí i.

"Kí lẹ sọ fún Rájí?"

"Sàídá, jókòó. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ó jọ pé àwọn òyìnbó ti rán ẹnì kan..."

"Àbúrò bàbá mi ni! Ìwádìí yín ló wá ṣe! Nítorí ìgbéyàwó wa!"

Mùílíù gbójú sókè wo fọ́tò náà.

"Lọ́la ni wọ́n máa gbé e jáde níwájú àdúgbò. Bí kò bá sí ẹni tó ṣàlàyé, wọ́n á fà á lé àwọn ológun lọ́wọ́. Baba ti lọ bẹ Rájí. Rájí dá a lóhùn pé ẹ̀gbọ́n amí, amí ni. Ó ní ẹnu yín ni ọ̀rọ̀ ti jáde!"

"Màá lọ sọ pé torí tìrẹ ni."

"Ẹ kò gbọdọ̀ dárúkọ mi! Láti àná ni Tàǹtí ti wà lórí ẹní tí kò dárúkọ mi. Ẹ̀yin lẹ máa wá dárúkọ mi láàárín èrò, kí wọ́n máa fi mí kọrin? Bí ẹ bá dán an wò, Baba ò ní jẹ́ kí ẹ rí ojú mi mọ́, èmi gan-an ò sì ní fẹ́ rí tiyín."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa mọ bí ẹ ṣe máa tú u."

Ó lọ. Mùílíù jókòó sídìí máṣíìnì. Ọ̀nà kan wà, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, kò sì fẹ́ wo ìhà ibẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tí kò já mọ́ nǹkan. Ìyẹn nìkan ni yóò yọ obìnrin náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, kí ló kù tí Sàídá máa rántí nígbà tó bá ń kọ́ ìṣirò? Aránṣọ. Aránṣọ pọ̀ ní Kútọnu ju iyanrìn lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo àdúgbò pé sábẹ́ igi níwájú ọ́fíìsì ìgbìmọ̀. Alhaji Ràímì wà láàárín wọn, ó fa fìlà bojú. Sàídátù dúró sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n mú Tàǹtí Àṣàbí jáde. Ara rẹ̀ le, ó tilẹ̀ ń sọ fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ọ pé kó má fẹ́ ọmọ ilé tó ń lọ, ìyá wọn lẹ́nu. Kò lè wà níbì kan fún ọjọ́ méjì kó má wádìí ẹnikẹ́ni.

"Kámárádì Mùílíù," Rájí ké, "ẹ tún ohun tí ẹ sọ fún wa sọ níwájú àwọn ará ìlú!"

Mùílíù bọ́ síwájú. Ó gbé fọ́tò náà mọ́ àyà.

"Irọ́ ni mo pa," ó ní.

Èrò sún mọ́ ọn.

"Wọn kò fẹ́ fi mí ṣe Onílùnẹ́ẹ̀tì rí. Wọn kò yẹ̀ mí wò. Aṣọ ni wọ́n gbé fún mi rán. Kóòtù funfun yìí, èmi ni mo rán an fún àwọn tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Ọjọ́ tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn yẹn kò tíì dé, àwọn tó ń tan iná sì ń wá ẹnì kan tí yóò dúró kí wọ́n fi rí ibi tí wọn yóò gbé iná kọjú sí. Wọ́n ní kí n wọ̀ ọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi dúró. Bí àga ni wọ́n ṣe ń tì mí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹni tó ya fọ́tò yìí, iná ló ń yà, èmi kọ́."

"Ẹnu lásán!" ni Rájí wí. Ó ń dùn ún pé amí ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ẹ̀rí dà?"

"Ẹ wo èjìká kóòtù náà." Mùílíù gbé fọ́tò sókè, ó sì na ìka sí i bí ẹni ń kọ́ ọmọṣẹ́. "Ibi tí apá ti so mọ́ èjìká yẹ kó wà níbí. Ẹ wo ibi tó wà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ọwọ́ tí mo ki bọ àpò yẹn, mo fi ń di ṣòkòtò mú kó má jábọ́ ni. Ara ẹlòmíràn ni mo gé aṣọ yìí sí. Èmi, aránṣọ! Ṣé màá rán irú èyí fún ara mi, kí n sì jẹ́ kí wọ́n yà mí nínú rẹ̀? Ọdún mẹ́ta lẹ fi ń wò ó. Kò sí ẹni tó rí i nínú yín."

Wọ́n na ọrùn. Wọ́n rí i. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ó ń lọ sẹ́yìn bí omi tó tú.

"Kí ni obìnrin yìí wá ń béèrè nígbà náà?" Rájí bú.

"Kámárádì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìbéèrè rẹ̀ sí gbogbo wa létí."

Rájí ṣí ìwé. "Bóyá ó ń jí ní kùtù. Bóyá ó ń kírun. Bóyá ó ń pariwo mọ́ ènìyàn. Bóyá obìnrin ń wọlé tọ̀ ọ́..."

"Ìlú òyìnbó wo ló fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń kírun Sùbúhì?"

Ẹ̀rín dúró díẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti fọmọ fọ́kọ rí wo ara wọn. Ìyá arúgbó kan láàárín wọn dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Rájí, ọmọ mi," ó ní, "ọ̀rọ̀ yìí ti yé wa. Má ṣe bi wá bó ṣe yé wa. Tú obìnrin yẹn sílẹ̀ kó máa gbé abọ́ rẹ̀ lọ."

Kò sí ẹni tó dárúkọ ọmọ kankan. Rájí tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba fọ́tò náà, ó ní ìwé ẹ̀sùn ni yóò wà pẹ̀lú. Àwọn tó dé ilé rẹ̀ lẹ́yìn náà sọ pé yàrá àlejò rẹ̀ ni ìwé ẹ̀sùn náà wà.

Mùílíù wo ẹ̀yìn èrò. Sàídátù ti lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Kò sí síkẹ́ẹ̀tì, kò sí búláòsì. Ìgbàkígbà tí ẹnu ọ̀nà bá ṣókùnkùn, Mùílíù á gbójú sókè, á rí i pé oníṣòkòtò ni. Níkẹyìn, Tàǹtí Àṣàbí ló wọlé, ó fi gbogbo ara jókòó.

"Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tí ẹ tì mí mọ́lé."

Mùílíù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Ẹ forí jì mí, Tàǹtí."

"Dìde, aṣọ rẹ ń dọ̀tí. Sàídá ń bínú."

"Torí pé mo parọ́?"

"Torí pé ó gbà á gbọ́. Ìyẹn ló le jù. Ó ti ròyìn Onílùnẹ́ẹ̀tì fún gbogbo olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní báyìí, bó bá wọlé, wọ́n á ní, 'Ìyàwó òpó iná, báwo ni ilé?'"

"Ṣé kí n lọ bẹ̀ ẹ́?"

"Wíwọ́ lo máa wọ́ lọ síbẹ̀? Jókòó síbi tó o wà. Èmi ni màá máa lọ máa bọ̀."

Ó lọ, ó bọ̀. Ó lọ jíṣẹ́ fún Alhaji pẹ̀lú.

"Kí lo rí?" ni Alhaji béèrè.

"Ó ń jí ní kùtù. Kì í lu ènìyàn. Kì í wá sí Sùbúhì tó bó ṣe yẹ. Ó máa ń ṣe fọ́nńté."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ dúró, Ẹ̀gbọ́n. Ogún ọdún ni mo ti ń wú àbùkù ọkùnrin jáde nínú ilẹ̀. Ẹnì kan kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé tirẹ̀ wá síta rí, àfi èyí. Kò mọ̀ mí, ó sì lè dárúkọ Sàídá kó fi bọ́, ojú kì bá tì í. Orúkọ tirẹ̀ ló bàjẹ́, ó fi tiwa sílẹ̀."

Alhaji wo ìhà ibi tí àpótí rẹ̀ wà. "Níwájú gbogbo èrò yẹn," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Èmi ò lè ṣe é." Ó wá gbọn ara rẹ̀. "Ó dáa. Kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Àmọ́ ẹnu Sàídá la máa gbọ́. Bó bá kọ̀, mi ò ní fipá mú un."

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Ìgbé ni Mùílíù dé Godomey pẹ̀lú àwọn àgbà méjì láti Pobẹ̀. Wọ́n jẹun, wọ́n ṣàdúà, wọ́n sì pe Sàídátù. Ó kúnlẹ̀ láàárín yàrá.

"Sàídátù," ni bàbá rẹ̀ wí, "o mọ àwọn àlejò wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n bá wá. Ṣé o gbà?"

Kò fọhùn. Wọ́n rò pé ìtìjú ni.

"Mo tún bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé o gbà?"

Kò fọhùn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà Pobẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga. Òógùn bo Mùílíù. Tàǹtí Àṣàbí ń wo òkè àjà.

"Baba," ni Sàídátù wí, "ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan."

"Bi wọ́n."

Ó kọjú sí Mùílíù. "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ méjì tí ẹ fi dúró lábẹ́ iná yẹn, tí gbogbo wọn ń wò yín, kí lẹ ń rò?"

Àyè gbà á láti sọ ohun tó dára. Gbogbo wa ì bá sọ ọ́. Ó la ẹnu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ pé a ń rí bó ṣe ń gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ nínú orí, tó ń wọ̀n ọ́n, tó ń wá ibi tí yóò so ó mọ́. Lẹ́yìn náà, ó pa ẹnu dé. Ó wo àwọn àgbà Pobẹ̀, ó wo Alhaji, ó wo ilẹ̀.

"Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí," ó ní. "Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ mira."

Àgbà tó ti rí bàtà rẹ̀ fi í bojú. Tàǹtí Àṣàbí kígbe sókè. Alhaji Ràímì rẹ́rìn-ín débi tí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, tí ikọ́ sì mú un, tí wọ́n fi ń gbá a lẹ́yìn. Láàárín ariwo náà, Sàídátù sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà lára ọkùnrin tó ń làágùn níwájú rẹ̀.

"Kí lo wí?" bàbá rẹ̀ béèrè, ó ń nu ojú. "A ò gbọ́ ọ."

"Mo ní mo gbà!" ni Sàídátù ké, ohùn tó fi ń pe àwọn ọmọ wọ kíláàsì ló sì fi ké e, tí àwọn awakọ̀ tó jókòó sídìí ọkọ̀ akẹ́rù níta fi dáhùn pé àwọn ti gbọ́.